Mẹ́tàlélógún Tó Lé Nínú Àpótí Ìbò

"Ẹ tún un kà," Dókítà Pursell wí.

"A ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Dókítà."

"Kaspar, mo ní kí ẹ tún un kà."

A tún un kà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò wọ́n sórí tábìlì ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ìwé ìdìbò méjìdínláàádọ́fà ló jáde nínú àpótí. Tíṣà Tully, akọ̀wé ìdìbò, fi ìka tọ orúkọ inú ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Márùndínláàádọ́rùn-ún ni gbogbo orúkọ. Ìbò mẹ́tàlélógún ló fi lé. Nílé ọtí Strake tí a ti ń dìbò láti àárọ̀, gbogbo èèyàn sún mọ́ tábìlì.

Kí ẹ tó bi mí pé kí ló kàn mí níbẹ̀, èmi Kaspar Ohl ni ọlọ́pàá ìlú Sorrel Run. Èmi ni mo kan àpótí yẹn. Pákó wọ́nútì ni mo fi kàn án, mo fi òróró pa á títí ó fi ń dán, torí n kì í fi iṣẹ́ ìlú ṣeré. Ẹ̀ẹ̀mejì ni orílẹ̀-èdè yìí ti yan Ààrẹ ṣáájú ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la sì fi ẹsẹ̀ rin ọgbọ̀n máìlì lọ sí olú ìlú ẹkùn wa ká tó rí ìbò di, tí wọ́n á tún máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará oko dé. Ọdún méjì la fi kọ lẹ́tà lórí lẹ́tà kí wọ́n tó gbà ká dìbò nílé ara wa. Òfin Pennsylvania sì ní ìwé ìdìbò tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ò wúlò. Ọwọ́ ni kí o fi kọ ọ́, orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ìyẹn àwọn tó máa lọ bá wa yan Ààrẹ. Nínú àwọn méjì tó ń du ipò Ààrẹ, ìbáà jẹ́ ọkùnrin Virginia lo fẹ́, ìbáà jẹ́ ti Massachusetts, wàá jókòó sí ilé ìdáná rẹ, wàá kọ ọ́. Àwọn ará ìlú ńlá ní a ò ní lè kọ ọ́. A kọ ọ́! Àwọn tó jẹ́ pé màlúù nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kọ orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìṣi ẹyọ kan.

Gbogbo wa la sì mọ àwọn tó ni mẹ́tàlélógún yẹn. Àwọn ará Àfonífojì ni, àwọn tó ń ṣán igbó dáko lẹ́yìn òkè. Máìlì mẹ́rìnlá ni wọ́n rìn nínú ìrì dídì. Wọ́n wọlé lọ́sàn-án gangan, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn, wọ́n dìbò, wọ́n mu ọtí èso ápù díẹ̀, wọ́n sì padà sílé. Ìlú rí wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìwé orúkọ, kò sí orúkọ ẹyọ ẹnìkan nínú wọn.

Dókítà Pursell, alága ìdìbò wa, mí kanlẹ̀. "Tíṣà ò kọ wọ́n. Ó dùn mí dé egungun. Àmọ́ òfin ò mọ ojú ẹnikẹ́ni, ìwé ló mọ̀. Bí ìbò bá ti ju orúkọ lọ, wọ́n á da gbogbo àpótí nù ni."

"Ìbò gbogbo wa?" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn.

"Gbogbo yín. Ọ̀sán Mọ́ńdè ni wọ́n máa wá gbé àpótí lọ sí olú ìlú. Bí a ò bá rí àlàyé ṣe kó tó dìgbà yẹn, a ti dìbò lásán. Wọ́n á sì gba ibùdó ìdìbò yìí lọ́wọ́ wa. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Mo wo àpótí mi tó ń dán lórí tábìlì. Inú bí mi débi pé ẹnu mi ń korò.

*

Láàárọ̀ Sátidé, mo bá Tíṣà Tully nílé rẹ̀. Kò tíì bọ́ aṣọ àná.

"Mo kọ wọ́n, Kaspar. William Ard ló ṣáájú wọn. Pompey Garret ló kẹ́yìn."

Pompey yìí ni ọkùnrin dúdú tó ti gba òmìnira, tó ń roko tirẹ̀ lókè níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dìbò láyé rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ mutí, Tíṣà?"

"Kọ́ọ̀bù méjì. Àbí mẹ́ta ni?" Ó fọwọ́ bojú. "Kaspar, àbí n ò kọ wọ́n ni? Mo ti dàgbà. Ó lè jẹ́ pé ọkàn mi ló kọ ọ́, tí ọwọ́ mi ò kọ ọ́."

Ọkùnrin tó kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìwé ni o! Ẹgba ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ta mí lẹ́yìn títí dòní. Mo ti ìwé orúkọ náà bọnú ẹ̀wù mi. Mo yáa gba ilé iṣẹ́ bébà lọ, lọ́dọ̀ Dorothea.

Dorothea ni opó ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló ń ṣa àkísà nílé iṣẹ́ bébà tó wà létí odò, òun ló ń ká bébà, òun náà ló ń rán an di ìwé. Bí nǹkan bá sọnù ní Sorrel Run, ẹ má yọ èmi ọlọ́pàá lẹ́nu, òun ni kẹ́ ẹ lọ bá. Àkísà lásán ló wò tó fi mọ ẹni tó jí ṣíbí fàdákà ìyàwó pásítọ̀.

"Ọkọ mi," ó ní, "kí ló dé tójú yín rí bíi ti ẹni tó gbé omi gbígbóná mì?"

"Ìyàwó wa, ẹ̀ ń ṣeré ni. Wọ́n fẹ́ da ìbò wa nù."

"Mo ti gbọ́. Ìwé orúkọ yẹn dà?"

Mo yọ ọ́ láti inú ẹ̀wù mi. Kò tiẹ̀ ka orúkọ kankan. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó ṣí i sáàárín, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló rán ìwé yìí?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀! Ṣebí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo gbà á lọ́wọ́ yín."

"Èmi kọ́. Òwú ọ̀gbọ̀ tí mo fọwọ́ ran ni mo fi ń rán ìwé, àwọ̀ ilẹ̀ ló ní. Ẹ wo èyí." Òwú tó wà láàárín ìwé náà funfun, ó ń dán. "Sílíkì nìyí. Ẹ bá mi ka ewé rẹ̀."

Mo kà á. "Mẹ́jọ."

"Abala bébà márùn-ún ni mo ká sí méjì-méjì. Ewé mélòó ló yẹ kó jẹ́?"

"Mẹ́wàá."

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà ò jẹ owó yín gbé. Ewé méjì ti lọ, ọkọ mi. Abala tó wà láàárín pátápátá ni wọ́n yọ, torí òun nìkan lèèyàn lè yọ tí ojú ò ní tètè rí i. Já òwú, fa abala kan, tún èyí tó kù rán, ó parí. Ẹ sì mọ bí Tíṣà ṣe ń kọ̀wé. Orúkọ méjìlá, nígbà míì mọ́kànlá, lójú ewé kan. Á fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí yíǹkì má baà là á já. Méjìlá àti mọ́kànlá jẹ́ mélòó?"

Mo fìka ṣírò rẹ̀. "Mẹ́tàlélógún!"

"Àwọn ará Àfonífojì dé lọ́sàn-án, orúkọ wọn á sì bọ́ sáàárín ìwé. Ẹ ti ń wá ẹni tó fi ìbò kún àpótí. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan kún un. Orúkọ ni wọ́n jí."

Mo fò dìde. Mo fẹ́ sáré la ìlú já, kí n máa pariwo pé Tíṣà ò ṣẹ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì pé. Ó di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú.

"Ẹ jókòó. Ẹni tó jí i ò tíì mọ̀ pé a mọ̀. Ta ló dá wà pẹ̀lú ìwé yìí?"

Ìyẹn ò le. Nígbà tí ìdìbò parí ní aago mẹ́rin, wọ́n gbé àpótí àti ìwé sí yàrá ẹ̀yìn nílé Strake, gbogbo ìlú wá jókòó ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì kíkan. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni mẹ́ta péré ló wọlé. Tíṣà lọ mú gíláàsì ojú rẹ̀, kò pẹ́ rárá. Dókítà ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀ kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Strake tó ni ilé gbé igi ìdáná wọlé.

"Strake ni!" mo wí. "Kò fẹ́ràn àwọn ará Àfonífojì rí."

"Ẹ jẹ́ ká bi í."

*

Gideon Strake ń nu kọ́ọ̀bù nígbà tí a wọlé. Mi ò kí i.

"Strake, ta ló ní òwú sílíkì nílé yìí?"

"Kí ló dé? Ṣé o fẹ́ rán kaba ni?"

"Má fi mí ṣẹ̀fẹ̀ o! O máa ń rán ìjánu ẹṣin. Mú abẹ́rẹ́ rẹ wá."

Ó jù ú sórí tábìlì. Abẹ́rẹ́ náà tóbi tó ìṣó, ọ̀dà dúdú lẹ̀ mọ́ ọn láti òkè délẹ̀. Dorothea gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò inú ìwé, ó mi orí.

"Abẹ́rẹ́ yìí ì bá lu ihò tí eku lè gbà kọjá. Òun kọ́, ọkọ mi."

"O gbọ́?" Strake yọ ṣùtì sí mi. "Ọlọ́pàá tó ń fi ọ̀sán gangan wá òṣùpá."

"Ṣé o ò bá àwọn ará Àfonífojì jà ni?"

"Mo bá wọn jà! Wọ́n ń pọn ọtí tiwọn, wọn ò ra tèmi, ṣé kí n máa jó ni? Gbọ́, Kaspar. Ọkùnrin Massachusetts ni mo dìbò fún, kò sẹ́ni tí n ò sọ fún. Orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi ọwọ́ yìí kọ, ọjọ́ méjì ni ìka fi ro mí. Bí wọ́n bá da àpótí yẹn nù, ṣé ìbò tèmi ò sí nínú rẹ̀ ni? Kí n fi ọwọ́ ara mi ba tèmi jẹ́?"

Ó dùn mí pé òótọ́ ló sọ.

Dorothea rọra bi í. "Ọ̀gbẹ́ni Strake, nígbà tẹ́ ẹ gbé igi wọlé, ta lẹ bá níbẹ̀?"

"Dókítà. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ṣí àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀gún gún òun níka."

A jáde. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Rárá o! Ìyàwó wa, rárá! Dókítà ló gbẹ̀bí ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo bí. Òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí lẹ́tà tí a fi bẹ̀bẹ̀ fún ibùdó yìí!"

"Ó fọwọ́ sí i. Ó rò pé àwa tó wà nísàlẹ̀ níbí nìkan la máa dìbò. Ta ló rò ó pé àwọn ará Àfonífojì á rin máìlì mẹ́rìnlá? Kí wọ́n tó dé, ọkùnrin Massachusetts tí Dókítà fẹ́ ló ń ṣíwájú, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹni tó ń fi ìbò rẹ̀ pamọ́ nílùú yìí. Nígbà tí wọ́n dìbò tán, ti Virginia ló gbà á. Àpótí tó ti bọ́ lọ́wọ́ Dókítà, ó sàn fún un kí wọ́n dà á nù. Òwú wo ló sì fi rán àtẹ́lẹsẹ̀ yín nígbà tí àáké ṣá yín?"

Sílíkì ni. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí mo ṣe dúró síbẹ̀. Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́!

"Kí n lọ mú un?"

"Kí lẹ fẹ́ fi mú un? Ìyàwó mélòó ni aṣọ ìgbéyàwó wọn ò ní sílíkì? Abala bébà yẹn ni mo fẹ́."

"Á ti sun ún."

"Ní Sorrel Run?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ra àkísà àti bébà àlòkù nílùú yìí, n ò rí eérú bébà rí. Ìwàásù pásítọ̀ gan-an, wọ́n fi ń dí ihò fèrèsé. Bébà tuntun, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo? Bí Dókítà bá tiẹ̀ fẹ́ sun ún, ìyàwó rẹ̀ ò ní gbà. Ọkọ mi, inú ń run yín."

"Inú ò run mí."

"Inú ń run yín gan-an ni. Ẹ jẹ́ ká lọ ra oògùn."

*

Dókítà ò sí nílé. Ó wà lójú pópó, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá bí ọ̀rọ̀ ìbò yìí ṣe dun òun tó. Lettice, ìyàwó rẹ̀, ló dá wa lóhùn. Ó wò mí, ó káàánú mi, ó wọlé lọ bu àgúnmu inú rírun. Ó gbé e jáde nínú bébà tó ká mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìwé àtijọ́ ni wọ́n máa ń fi pọ́n oògùn nílé yìí, kò sì sẹ́ni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Èyí tí mo rà lóṣù tó kọjá, lẹ́tà nípa ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Dorothea gbà á, ó yí i sí ojú fèrèsé. Orúkọ méjì ló wà lára rẹ̀: William Ard, Jacob Speer. Ìkọ̀wé roboto Tíṣà Tully ni, kò sí ẹni tí ò lè mọ̀ ọ́n.

"Ìyàwó Dókítà," Dorothea wí, ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá, "bébà yín mà dáa o! Ilé iṣẹ́ wa ló ti wá."

Inú Lettice dùn. "Ẹ ò rí nǹkan! Inú ẹ̀wù Dókítà ni mo ti rí i lánàá. Mo ń gbọn ẹ̀wù náà sílẹ̀ de ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, mo gbọ́ tí nǹkan ń ró lábẹ́ ìtẹ́nú rẹ̀. Odidi abala, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú! Mo ní àwọn ọkùnrin yìí ò mọ iyì nǹkan. Bí mo ṣe mú sísọ́ọ̀sì nìyẹn. Ọ̀nà méjìlá ni mo gé e sí, mo tẹ̀ lé ìlà kó lè gún, orúkọ méjì-méjì. Èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló ní orúkọ kan."

"Ẹ káre. Ṣé Dókítà mọ̀?"

"Kí ló fẹ́ mọ̀? Ó ń wá nǹkan kiri láàárọ̀ yìí, mo bi í, ó ní kì í ṣe nǹkan pàtàkì."

"Ó kù mélòó?"

"Ó tán. Ikọ́ pọ̀ nílùú. Tiyín ló kẹ́yìn."

Ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ti ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, kò fi nǹkan ṣòfò. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé àgúnmu tí mo sanwó rẹ̀ sórí tábìlì, bébà nìkan ni Dorothea mú lọ.

*

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí ìsìn ṣe parí, Dorothea dúró sí ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń kí àwọn èèyàn, ó ń béèrè ikọ́, ó sì ń béèrè bébà oògùn. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, torí ojoojúmọ́ ló ń béèrè bébà àlòkù. Ọ̀kan wà nínú Bíbélì tí wọ́n fi sàmì sí Sáàmù. Ọmọdébìnrin kan ti fi ọ̀kan ṣe fìlà fún ọmọláńgidi rẹ̀, ó sunkún kó tó yọ ọ́. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, mẹ́wàá ti wọlé. Pẹ̀lú tèmi, ó di mọ́kànlá.

Ìyá Stroud ló ra ìkejìlá. Arúgbó náà yọ ìkòkò tábà lẹ́nu.

"Bébà kékeré yẹn? Mo fi tanná sí tábà mi."

"Ẹ sun ún?" Dorothea wí.

"Ó jó dáadáa."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró sán-ún. Nínú gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnìkan máa sun bébà ní Sorrel Run.

A tò wọ́n sórí pákó nílé rẹ̀, a fi àtè lẹ̀ wọ́n, etí bá etí mu. Orúkọ méjìlélógún. Nísàlẹ̀ ewé kejì, àyè kan ṣófo. Orúkọ tó kẹ́yìn ni, ti Pompey Garret.

Mo gun ẹṣin lọ sí Àfonífojì lọ́sàn-án yẹn. Mo ní kí gbogbo wọn wá.

*

Wọ́n wá. Máìlì mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nílé Strake, bàtà wọn kún fún ẹrẹ̀. Pompey wà ní ìpẹ̀kun, ó di fìlà rẹ̀ mú sáyà. Ọ̀gbẹ́ni Latimer, ẹni tí olú ìlú rán wá gbé àpótí, jókòó sídìí tábìlì, aago rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ìlú ti kún inú ilé, àwọn míì ń yọjú lójú fèrèsé.

Dókítà dìde. "Ó dùn mí láti sọ pé akọ̀wé wa..."

"Ẹ dúró ná, Dókítà," Dorothea wí. Ó gbé pákó náà ka orí tábìlì. "Ọ̀gbẹ́ni Latimer, ìwé ewé mẹ́wàá ni mo rán fún ìdìbò yìí, òwú ọ̀gbọ̀ ni mo fi rán an. Mẹ́jọ ló kù nínú rẹ̀, sílíkì ni wọ́n sì fi tún un rán. Àwọn méjì tó sọnù nìyí."

Latimer bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kí ló gé e wẹ́wẹ́ báyìí? Níbo lẹ ti rí i?"

"Oògùn ikọ́ ni wọ́n fi í pọ́n."

Ojú Dókítà ṣá. "Ẹnikẹ́ni ló lè gbé bébà wá sílé mi! Obìnrin tó ń ṣa àkísà ló fẹ́ wá..."

"Archibald."

Orúkọ Dókítà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ní kí ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lettice fúnra rẹ̀ ló dìde láàárín àwọn obìnrin. Ojú rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè.

"Èmi ni mo gé e. Inú ìtẹ́nú ẹ̀wù ọkọ mi ni mo ti yọ ọ́ lálẹ́ Fúráídè. N ò mọ ohun tó jẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti gbé e wá síbí lódindi."

Ariwo ta. Strake ń pariwo jù wọ́n lọ: "Ìbò tèmi! Ìbò tèmi lo fẹ́ dà nù, oníṣẹ́ ibi!" Tíṣà Tully jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́.

Àmọ́ ìkà kì í tètè juwọ́ sílẹ̀. Dókítà ti tẹjú mọ́ pákó náà, ó ń kà á.

"Méjìlélógún," ó ní. "Ọ̀gbẹ́ni Latimer, ẹ kà á fúnra yín. Ẹ fi mí sẹ́wọ̀n bẹ́ ẹ bá fẹ́, ìbò ṣì fi ẹyọ kan ju orúkọ lọ. Òfin ni òfin."

Latimer kà á. Ó wo aago rẹ̀. "Òótọ́ ló sọ. Orúkọ ta ni kò sí níbẹ̀?"

"Tèmi ni, ọ̀gá," Pompey wí.

Ẹnìkan kùn lẹ́yìn: "Ti ẹni dúdú nìkan? Kí wọ́n yọ ìbò ẹyọ kan nínú àpótí, ká máa lọ ilé." Àwọn míì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Pompey ò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo rí bí ìka rẹ̀ ṣe rọ̀ mọ́ fìlà yẹn.

"Kò sí ìyẹn," Latimer dáhùn. "Yálà kí gbogbo rẹ̀ bá ara mu, tàbí kí n dà á nù. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà tó fi ojú ara rẹ̀ rí akọ̀wé nígbà tó ń kọ orúkọ ọkùnrin yìí? Kì í ṣe pé ó gbọ́ o. Kó rí i."

William Ard àti àwọn èèyàn rẹ̀ wo ara wọn. Iwájú ni wọ́n wà, wọ́n ti jáde nígbà tó kan ẹni tó kẹ́yìn. Dorothea mú ìwé orúkọ, ó ṣí ewé tó tẹ̀lé àlàfo náà, ó fìka lé orúkọ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò kà á sókè. Ó kàn gbójú sókè, ó wò mí.

Orúkọ mi ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo ti fi nǹkan pamọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń fi àpótí yangàn fún yín, mo ń fi ìlú yangàn, n ò sọ ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án Fúráídè. N ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa ẹnu mọ́, ìbò méjìdínláàádọ́fà ló máa bá ìtìjú mi lọ. Mo gbé ọwọ́ lé Bíbélì.

"Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń kánjú. Mo ní kó yẹ̀ fún mi, pé ọlọ́pàá ni mí. Ó ní, 'Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lẹ́yìn mi.' Inú bí mi. Mo na ọrùn kọjá èjìká rẹ̀, mo tẹjú mọ́ kálàmù Tíṣà, mo sì pariwo pé, 'Tíṣà, ẹ yára, lẹ́tà mélòó ló wà nínú orúkọ ẹni dúdú?' Tíṣà ò dá mi lóhùn. Ó kọ ọ́ tán, Pompey Garret, kò fo lẹ́tà kan. Ó wọ́n iyanrìn sí i kó gbẹ, kó tó kọ tèmi. Ojú mi yìí ló rí i. Mo búra."

Ìyàwó mi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ mi wà níbẹ̀. Mo rò pé ilẹ̀ á là kó gbé mi mì, kò là.

Latimer ti ìyẹ́ ìkọ̀wé sọ́dọ̀ Tully. "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sí àyè rẹ̀."

Tíṣà kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Latimer ka pákó, ó ka ìwé, ó pa á pọ̀. "Orúkọ méjìdínláàádọ́fà. Ìbò méjìdínláàádọ́fà. Sorrel Run, ó pé." Ìgbe ayọ̀ tí ìlú ké, n ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, gíláàsì Strake méjì fọ́, kò bínú. Mo mú Dókítà lápá, mo fà á lé àwọn méjì lọ́wọ́ kí wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn, mo sì gbé àpótí mi jáde sí orí ẹṣin Latimer.

Pompey Garret wà níta. Mo so okùn náà lẹ́ẹ̀mẹta kí n má baà wo ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," ó ní, "ẹ ò sọ ọ́ tán."

"Kí ló kù?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn mi."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni," mo dá a lóhùn. "Mo sì dúró."

Ó na ọwọ́ sí mi. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lójú gbogbo ìlú, mo gbé orí mi sókè, n ò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.